Kóòṣì Tó Wá Tọrọ Ìyanu

Olúwakẹ́mi Àjọkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé òtútù Manchester kò mú yín jù? Kọ́lápọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún níbi iṣẹ́ ti ń fúyẹ́? Òjò tó ń rọ̀ lé yín lórí lójoojúmọ́ níbẹ̀, òjò ìbùkún ni yóò jẹ́ fún yín. Bí o ṣe ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Stockport, tí ò ń wẹ̀ wọ́n, tí ò ń fún wọn lóúnjẹ, ìwọ náà kò ní wá ẹni tọ́jú rẹ tì lọ́jọ́ alẹ́. Àmín. Wàá rí i pé mi ò tíì béèrè Ìyanu ọmọ rẹ. Mi ò gbàgbé rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n mú bírò, màá dé ibẹ̀.

Gbogbo wa ní Ìlúgùn ń bẹ láàyè. Ewúrẹ́ Ìyá Ṣàngótúndé tó jẹ ẹ̀gẹ́ mi ti bí ìbejì, mo sì ti sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn tèmi ni, torí ẹ̀gẹ́ mi ló fi gbé oyún náà dàgbà. Ó ní kí n lọ fi ẹjọ́ sun ewúrẹ́. Báǹkì tún ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta pé kí n wá tẹ ìka, kí wọ́n sì ya ojú mi, pé àwọn ò mọ̀ bóyá èmi ni mo ni owó mi. Mo ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó máa ń kà á fún mi, òun mọ̀ mí dáadáa, a jọ máa ń kí ara wa ni.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Tíṣà Abdulwaheed tó máa ń bá mi tẹ fóònù ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, èyí tó bá mi sọ lọ́jọ́sí náà ti tó. Kẹ́mi, láti ọjọ́ tí ohùn rẹ ti dé sórí fóònù, tí ò ń sunkún pé Mọ́mì, kí lẹ ṣe fún wa báyìí, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí ó ṣe rí lójú tèmi.

Nígbà tí o kọ́kọ́ ní Ìyanu ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní pápá kan ní Fallowfield, inú mi dùn. Ìgbà tí àwòrán dé, ẹ̀rù bà mí. Bọ́ọ̀lù náà gùn gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, ọmọ mi gbá a mọ́ àyà bí ẹni tó jí i, gbogbo àwọn tó kù sì ń lé e. Èjìká rẹ̀ wú gan-an. Mo ní kí o fi àdí pa á, o ní aṣọ eré náà ló wú bẹ́ẹ̀. Ó dáa, mo gbà.

Lẹ́yìn náà lo ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti rí fídíò rẹ̀, pé wọ́n ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, pé èyí tó bá mú un kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí yóò fi gboyè. O fi àwòrán fìlà wọn ránṣẹ́. Ọ̀kan ya orí àwòdì, ọ̀kan ya màlúù, ọ̀kan ya ẹranko kan tó la ẹnu tí Tíṣà ní béárì ni wọ́n ń pè é. O ní àmì ẹgbẹ́ ni. Ta ni kò mọ àmì? Ojú ni àwọn bàbá wa ń ya tiwọn sí, kí a lè mọ ọmọ ilé kálukú. Àwọn wọ̀nyí kò lè fara da abẹ, wọ́n yà á sí fìlà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bó ṣe yẹ kí ẹni tó lọ́mọ ṣe. Mo bi Tíṣà bóyá wàrápá wà nílé eléyìí tó la ẹnu. Mo bi í bóyá wọn kì í jalè nílé aláwòdì, torí ẹni tó bá ya ẹyẹ tó ń gbé òròmọdìẹ sórí fìlà, ó yẹ ká béèrè. Tíṣà ní òun ò mọ̀, pé ohun tí òun gbọ́ ni pé wọ́n gba ife lọ́dún tó kọjá. Mo ní ife ta ni wọ́n gbà?

Má rò pé mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré o. O ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. O ní yunifásítì tó wà nítòsí yín níbẹ̀, owó àlejò ni wọ́n máa bù fún Ìyanu, torí físà iṣẹ́ lẹ fi wà níbẹ̀, bí ìwọ àti Kọ́lápọ̀ bá sì ta ara yín ẹ ò lè rí i san. O ní àwọn aláwòdì yìí ni wọ́n ṣe tán láti mú un, àwọn tó kù ṣì ń wò ó. Mo gbọ́ ọ. Ó yé mi.

Ló bá di ọjọ́ tí kóòṣì aláwòdì gúnlẹ̀ sí Manchester. Ìwọ wà lẹ́nu iṣẹ́, Kọ́lápọ̀ wà ní Bolton, ẹ ò rí ẹni bá yín pààrọ̀ ṣíìfù, ọkùnrin náà sì ń padà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. O pè mí. O ní Mọ́mì, ó ní òun fẹ́ rí àgbà ìdílé, ẹ kàn kí i lórí fóònù, kí ẹ gbàdúrà. Háà, ká ní mo ti dúró níbi àdúrà!

Mo wẹ̀, mo kun àtíkè, mo wé gèlè. Mo ní kí Tíṣà gbé fóònù jìnnà díẹ̀, kí àwọn tó bá jókòó sẹ́yìn kóòṣì náà lè rí mi. Ìyanu ti gbé tirẹ̀ ka orí tábìlì. Ọkùnrin náà ga, ó ṣí fìlà fún mi, mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó wá ní àwọn ti ń wo ọmọ wa tipẹ́, ọkàn àwọn fà sí i, àwọn fẹ́ kó wá di ara ìdílé àwọn. Kẹ́mi, ìdílé ló sọ o! Mo ní kí Tíṣà tún un sọ, ó ní ìdílé ni.

O mọ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń fa ọmọ fọ́kọ ní agbègbè yìí tí wọn kì í pe èmi alága ìjókòó kí n wá bá wọn fèsì. Alága wo ni wọ́n á tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò gbà lójú ẹsẹ̀? Wọ́n á ní ọmọ ti sú wọn nílé ni. Nígbà tí àwọn ará ilé Kọ́lápọ̀ wá tọrọ ìwọ gan-an, ṣé mi ò ní a ò mọ̀ wọ́n rí ni? Ṣé mi ò dá wọn padà sẹ́nu ọ̀nà? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n tún wọlé. Mo mọ̀ pé ọkùnrin ni Ìyanu, mi ò tíì dindinrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ, èsì tí mo mọ̀ ni mo fún un.

Mo fajú ro. Mo ní a ò mọ̀ ọ́ rí. Mo ní a ò ní ọmọ tí a fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kó máa lọ, kó lọ mú àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá. Tíṣà tó yẹ kó fi ẹ̀rín sí i, bí mo ṣe sọ ọ́ ló ṣe tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ohùn líle, bí ẹni ń lé ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Ọkùnrin náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú gbangba. Ó yíjú sí Ìyanu, Ìyanu dorí kodò, mo sì ń wí nínú mi pé ẹ wo ọmọ tí Kẹ́mi tọ́, ọmọ tí wọ́n ń tọrọ kì í gbójú sókè. Àṣé ẹkún ló ń gbé mì. O ní ó sọ fún ọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ òun pé a kì í já àgbà ní koro níwájú àlejò.

Kóòṣì ní òun bọ̀wọ̀ fún ìdílé wa, ó dìde. Mo pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún Tíṣà pé àna gidi lèyí.

Mo fi Sátidé sí i pé wọ́n á padà wá, torí Sátidé ni gbogbo wọn máa ń wá. Mo gbá àgbàlá, mo ra iṣu. Mo gbé fóònù sórí àga tó dára jù nílé, mo jókòó kọjú sí i. Ìyá Ṣàngótúndé ń kọjá lọ, ó ní kí ni mò ń ṣọ́, mo ní àwọn àna Ìyanu. Ó ní ṣé inú fóònù ni wọ́n máa gbà jáde ni, mo ní kó máa lọ. Oòrùn kúrò níwájú ilé, ó bọ́ sẹ́yìn, fóònù kò dún. Mo ní bóyá ọ̀nà ló jìn. Ìgbà tó di Mọ́ńdè lo sọ fún mi pé wọ́n ti fún ọmọ mìíràn láyè, pé ìyá tiẹ̀ ti gbà kí ọkùnrin náà tó rí ìdí fi lélẹ̀. O ní Kọ́lápọ̀ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ó ti kún. Béárì àti màlúù náà ti mú tiwọn.

Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti fọ́, ó sì dùn mí. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú. Èyí tó ń pa mí lẹ́kún jù ni pé Ìyanu kò bínú. Ó ránṣẹ́ sí mi pé Màmá àgbà, ẹ má dààmú, òun ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní Bolton, òun ń di páálí. Ọmọ tí wọ́n fò wá láti Amẹ́ríkà wá wò, ó ń di páálí. Èmi ni mo gbé e débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ rèé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í ṣe ti egbòogi ẹsẹ̀. Káàdì fóònù ni mo fẹ́ rà, èyí tó máa dé Amẹ́ríkà. Bá mi wá nọ́ńbà kóòṣì náà. Bí kò bá sáyè lọ́dún yìí, kó fi tèmi sí ti ọdún tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi tì. Kí iṣẹ́ má pa ìwọ àti Kọ́lápọ̀. Kí ọjọ́ tí wọ́n bá ń pe ọmọ rẹ wá gboyè ṣojú ìwọ tí o bí i, bí kò tilẹ̀ ṣojú mi. Àmín.

Mi ò ní mú Tíṣà dání. Mo ní kó kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan péré, mo sì ń fi kọ́ ẹnu lóko àti nílé. Bí ọkùnrin náà bá ti gbé fóònù, kó tó béèrè pé ta ni mí, mo ti sọ ọ́. Yes. Yes, sà. Ẹ máa mú un lọ.

Èmi ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún