Àkèré Búlúù Tó Wà Nínú Fíríìjì Wa

Tahnee ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ilé kọfí yẹn ò pọ̀ jù? Brisbane tó gbà ọ́ kò ní lé ọ. Àwa náà wà, àmọ́ inú ń bí mi, ìwọ ni mo sì kọ́kọ́ ń bínú sí, torí ìwọ lo fi nǹkan tó ń dá àkèré mọ̀ sínú fóònù mi.

Lachie àbúrò rẹ ló mú àkèré kan lẹ́yìn ilé, búlúù bí ọ̀dà ilẹ̀kùn wa. Kí n tó dé ibẹ̀, ó ti fẹnu kò ó lẹ́nu. Nana Merle, ìyá bàbá rẹ, ní ohun tó bá láwọ̀ báyẹn, olóró ni, ká jù ú sínú ike áísìkiriìmù, ká fi í sí fíríìjì kó kọ́kọ́ tòògbé, ká tó gbé e sí fírísà, bá a ti ń pa àwọn ọ̀pọ̀lọ́ olóró oko ìrèké. Mo gbé e sí fíríìjì. Lachie bá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn fírísà, kí n má bàa gbé e síbẹ̀.

Nǹkan inú fóònù yẹn wá ní kí n gba ohùn àkèré sílẹ̀. Èyí tó ń gbọ̀n nínú òtútù ni yóò kọrin? Mo bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wò mí. Nana Merle bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí àkèré kó lè kọ́ ọ lẹ́nu wọn, fóònù sì gba tiwọn. Àwọn onímọ̀ àkèré tó ń gbọ́ ohùn tá a fi ránṣẹ́ fèsì pé ohùn èèyàn nìyí. Nana ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé wọ́n ti gbé pẹ̀lú àkèré rí ni. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ní àkèré aláwọ̀ ewé ni. Mo kọ̀wé sí wọn pé mo parí girama, mo mọ búlúù.

Obìnrin kan lára wọn bá pè mí. Ó ní irú àwọn aláwọ̀ ewé tó ń gbé inú ilé ìgbẹ́ wa látọjọ́ ni, pé yẹ́lò tó ń sọ búlúù ara wọn di àwọ̀ ewé ni kò sí lára tiẹ̀. Kò ní pa ọmọ mi, kí Lachie sáà fọwọ́ fọnu, kí n sì tètè gbé e jáde. Mo fẹ́ bú u, ẹkún ló jáde.

Lachie ṣí ike, àkèré ò mira. Ó gbé e sójú oòrùn, ó jókòó tì í. Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ kan nà, ó fò gba fèrèsé wọ ilé ìgbẹ́, inú àwo ibẹ̀ ló sì wà títí di báyìí. Lachie ní ẹni tó bá fi omi fọ̀ ọ́ lọ, òun àti onítọ̀hún ló máa jà. Inú igbó la ti ń yàgbẹ́ báyìí. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí bàbá rẹ fi kọ́ ilé ìgbẹ́ míràn.

Ìlú tó o wà kò ní kì ọ́ sínú òtútù kí wọ́n tó bi ọ́ pé ta ni ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ, Leanne.