Ìpè Ọmọ Mi Kò Dé Ọ̀dọ̀ Mi Mọ́

Ọmọ mi ọkùnrin rò pé mo ti kọ òun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù ló fa gbogbo rẹ̀. Olóòtú wa, ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Nígbà tí ojú fóònù mi fọ́, ọmọ mi obìnrin darí gbogbo ìpè mi sórí fóònù tirẹ̀, kí àwọn oníbàárà mi lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti tún fóònù mi ṣe, ṣùgbọ́n ìpè kò padà wá. Mo ní kó bá mi yọ ọ́, ó ní, "Màámi, mo ti gbàgbé ibi tí mo tẹ̀." Èmi náà tẹ̀ ẹ́ títí ìka mi fi fẹ́ bó.

Òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin yìí, kò sì fẹ́ rí imí ara wọn láàtàn. Tí àbúrò bá pè mí, ẹ̀gbọ́n kì í gbé e, ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ: "N kò sí nítòsí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀." Tí èmi bá pè é, kì í gbé e mọ́. Mo ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èsì tó gbé padà wá rèé: "Màámi, ọkọ mi ní tó bá jẹ́ ẹjọ́ fóònù lóòótọ́, kí ẹ gbé ìpè òun ẹyọ kan péré."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ìpè tí kò dún? Omijé ni mo fi ń ránṣọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìdarí ìpè yìí? Ẹ tètè kọ̀wé sí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè mí o. Ọmọ mi obìnrin ni yóò gbé e, á sì ní mo ti gbé ọ̀rọ̀ ilé síta.