Fíìmù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gé

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ má sì kà á sókè. Ògiri ilé wa kò nípọn, alágbàfọ̀ tó múlé tì wá kì í sì í fi etí rẹ̀ ṣòfò.

Èmi, àgbà ayàwòrán tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Onídígí-Gígùn, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ni mo kọ ìhágún yìí. Orí mi pé, ọwọ́ mi nìkan ló ń gbọ̀n. Ara páálí fíìmù ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, nítorí náà ẹ má wá akọ̀wé tí yóò bá mi tún un kọ. Ọmọbìnrin mi ni mo yàn láti mú un ṣẹ.

Ìkíní. Ilé àti yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò di ti ọmọbìnrin mi. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ń jò. Mo sọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi pamọ́.

Ìkejì. Kámẹ́rà àti dígí gígùn rẹ̀ tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni di ti ọmọkùnrin mi. Kò gbọdọ̀ fi aṣọ tutù nu dígí náà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń dá mi lóhùn pé òun ti gbọ́, kò sì tíì gbọ́.

Ìkẹta. Ológbò mi di ti alágbàfọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń jẹun yó kó tó wá ṣe bí ẹni tí ebi ń pa nílé wa.

Ìkẹrin, èyí tó mú mi kọ̀wé. Fíìmù kan wà nínú agolo lẹ́yìn àpótí aṣọ mi, àwòrán mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún àbúrò mi, Alága ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán.

Ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, èmi àti òun lọ ya àwọn bàálù tó wá dárà ní pápákọ̀ òfuurufú. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Àwọn ayàwòrán kó ẹrù wọn lọ, àbúrò mi sì bá wọn lọ. Mo dúró. Aránṣọ kan tó wá wòran fi agboòrùn rẹ̀ bo kámẹ́rà mi, òjò sì ń pa òun fúnra rẹ̀. Bàálù ológun méjì kọ́kọ́ kọjá fìrì. Mo ti mú kí kámẹ́rà máa yára ṣẹ́jú kí n lè bá wọn. Lójijì ni bàálù àtijọ́ kan, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, yọ nínú ìkùukùu. N kò rántí dín ìyára náà kù. Àṣìṣe mi nìyẹn. Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí ní imú bàálù náà wá dúró sójú kan nínú àwòrán, bí ẹni tí kò yí rí.

Àbúrò mi gbé àwòrán náà sókè lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n wá wo ohun ìṣeré ọmọdé tí Ẹ̀gbọ́n òun fi okùn so rọ̀. Títí dòní ni wọ́n ń pè mí ní Bàbá So-ó-rọ̀ lẹ́yìn, wọ́n rò pé n kò gbọ́.

Àwòrán kẹta ì bá ti gbà mí, nítorí ìrù bàálù náà ń wọ ìkùukùu lọ nínú rẹ̀, ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé ó ń fò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ ló wà níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò sọ. Àbúrò mi sọ, aránṣọ sì di ìyàwó rẹ̀. Kò sí ohunkóhun láàárín wa ju agboòrùn yẹn lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà? Ìyá yín rí àwòrán náà kó tó kú, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ síbi tí omi ò ti ní kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú sísọ́ọ̀sì láti gé aránṣọ kúrò. Bí mo bá gé e, wọn yóò tún ní mo lẹ àwòrán náà pọ̀ ni.

Mo ti pinnu. Bàbá Kékeré yín ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwòrán bàálù náà kọ́ sí yàrá ìpàdé ẹgbẹ́, fíìmù náà lódindi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá kọ̀, kí ọmọbìnrin mi gbé e kọ́ níṣojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi han ìyàwó rẹ̀, kó má bá a lójijì.

Ìkarùn-ún. Agboòrùn náà, tó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ òjò yẹn, di ti aránṣọ padà. Mo ti tún egungun rẹ̀ tó ṣẹ́ ṣe.

Mo fọwọ́ sí i: Bàbá Onídígí-Gígùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, ọdún kejìlélọ́gọ́rin ayé mi.

Ẹlẹ́rìí: Alágbàfọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, Káfíńtà tó kan férémù àwòrán bàálù náà. Mo fi páálí bo òkè ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá ti pín ohun gbogbo tán, ẹ sun ìwé yìí, kí ẹ da omi sí eérú rẹ̀. Fíìmù náà ni kí ẹ má sun.