Ìbínú Bùrọ̀dá Bánjọ Ti Rí Dókítà

Ẹ̀yìn Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Jikwoyi, Àbújá.
9 Oṣù Kẹfà, 2025.

Abímbọ́lá mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn? Àwa náà wà, à ń bá ooru Àbújá yí. Jọ̀ọ́, wá àga jókòó, ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹlòmíì.

O mọ Bùrọ̀dá Bánjọ. Ṣebí òun ló ju bàtà lu àfẹ́sọ́nà Ìtùnúolúwa ọmọ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, torí pé onítọ̀hún gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì níwájú ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ sá lọ ráúráú. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìtùnú ti sọ fún un pé tó bá tún lé Paul, àfẹ́sọ́nà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, kóòtù làwọn máa lọ, orí fóònù ni yóò ti rí àwòrán ìgbéyàwó. Ìyẹn dẹ́rù bà á. Odidi ọ̀gá ní mínísírì, tí àwọn mẹ́síńjà ń sá fún, ló bá gba ọ̀dọ̀ Dókítà Hikmah lọ, obìnrin kékeré kan tó ń fọ̀rọ̀ ẹnu wo ìbínú.

Sí-bí-tí ni wọ́n ń pe ìtọ́jú náà. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Dókítà ní èrò ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí ìbínú tó tẹ̀ lé e; kí Bùrọ̀dá máa dá èrò náà dúró, kó bi í pé ẹ̀rí wo ló ní, àbí ìdí mìíràn wà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó ń bá jẹnẹrétọ̀ jà ni yóò wá máa bá èrò ṣèpàdé? Ó kúkú ń ṣe é. Tí onímọ́tò bá já sí i níwájú ní Nyanya, á ní bóyá ìyàwó ẹ̀ ló ń rọbí. Ní Àbújá yìí, gbogbo ìyàwó awakọ̀ ló ń rọbí.

Sátidé ni Paul wá kí wa. Dutse Alhaji, ní Àbújá níbí, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó wọlé, kò dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ sí Bùrọ̀dá pé kó bọ òun lọ́wọ́. Iṣan ọrùn ẹ̀gbọ́n mi yọ. Ìtùnú ti yáa lọ gbé bàtà bàbá ẹ̀ pa mọ́. Bùrọ̀dá mí kanlẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò dọ̀bálẹ̀?"

Paul ní òun ò ṣe é rí, ẹ̀rù ló ń ba òun kí òun má lọ ṣe é lódì, kí a sì máa fi òun rẹ́rìn-ín. Omi ti wà lójú ẹ̀. Ó ṣe èmi náà láàánú, n ò ní purọ́. Àfi bí Bùrọ̀dá ṣe dìde, tó ká agbádá, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Bàbá ìyàwó, níwájú àna! Orí mi gbóná. Mo pariwo pé Paul ti fi ìdílé wa ṣẹ̀sín, mo sì fi ìgò mọ́ọ̀tì ọwọ́ mi gbá tábìlì tó fi fọ́.

Látorí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Bùrọ̀dá ti gbójú sókè wò mí. "Fọláyan, èrò wo ló kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn? Ẹ̀rí wo lo ní?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Paul náà dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Ìtùnú ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o bá mi fi òrí ra orúnkún Màmá. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá ti lọ gba àyè fún mi lọ́dọ̀ Dókítà Hikmah ní Ọjọ́bọ̀. Èmi kẹ̀? Ìbínú wo ni mo ní? Ìgò kan ṣoṣo ni mo fọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í bínú,
Fọláyan