Ìyàwó Tó Ń Bá Ọ Gbé Fóònù

Munir ọmọ mi,

Ṣé o jíire? Ṣé ara le? Ṣé Èkó ò tíì gbé ọ mì tán? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká gbúròó ibi nípa rẹ. Àwa ní Ọ̀kà wà dáadáa, iṣu ta lọ́dún yìí, òtútù orí òkè nìkan ló ń bá eékún mi jà.

Munir, o mọ ìyàwó fẹ́ o! Oṣù mẹ́ta rèé tí mo bá ti pè ọ́, ìyàwó rẹ ló ń gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Á ní ẹni tí ẹ pè kò sí nítòsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún pè tó bá yá. Kò ṣèèṣì sọ "o" sí mi rí, bó ti wù kí n pè tó lóòjọ́. Bàbá rẹ náà pè, "ẹ" ni. Mo wá gbé fóònù sétí Hafsoh, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Háà, "ẹ" ló sọ fún òun náà! Omi bọ́ lójú mi. Mélòó nínú àwọn ìyàwó ìwòyí ló mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ti bí sílé kí a tó gbé wa wọlé, àgbà wa ni? Mo ní kí gbogbo ilé jókòó, mo tẹ sípíkà, "ẹ" kan náà ló sọ, ó sì kárí wa.

Tíṣà Godwin, aládùúgbò wa, ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èèyàn. Mo ní Tíṣà, ẹ má bínú, mo mọ ẹ̀rọ. Èyí tó ń pọ owó ní báńkì kan ní Ìkàrẹ́, mo ní kó bá mi sọ Yorùbá, ló bá kọ ọ́ síwájú mi pé "tẹ nọ́mbà àṣírí rẹ". Rẹ ni o! Èmi tí orí mi funfun báyìí! Àwọn tó tò sẹ́yìn mi gbọ́ ohun tí mo sọ fún un. Ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹni tí ìyá kọ́ ló ń sọ "ẹ".

Jọ̀wọ́, mú un wálé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra aṣọ tí n ó fi pàdé rẹ̀, kí n sì ra káàdì fóònù, torí ọ̀rọ̀ èmi àti òun pọ̀.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ, á bo àṣírí rẹ, ọ̀tá ò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ṣùgbọ́n Munir, ìyàwó dára títí, kì í ṣe òun ni mo bí. Tí mo bá tún pè, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o tilẹ̀ gbàgbé, tí o sọ "ìwọ" sí mi, n ò ní bínú. Kí n ṣáà ti gbóhùn rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Memunat