Alàgbà Fọlábí Àkànjí Aróyèwún (1954–2025): Ẹni Tó Gbọ́kàn Lé Iná Ilé Ara Rẹ̀

Agbo ilé Aróyèwún ní Tákié, ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n bí Alàgbà Fọlábí Àkànjí Aróyèwún sí, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì, ọdún 1954. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wọn, olóògbé Jeremáyà Aróyèwún; ìyá wọn, olóògbé Àbẹ̀kẹ́, ń ṣe gààrí tà. Àwọn ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. Ọmọ Ajílété pọ́ńbélé ni wọ́n, tí inú bá sì ń bí wọn, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa ń jáde lẹ́nu wọn, kò sí bí Èkó ṣe lè fọ̀ wọ́n tó. A ń kọ ọ́ bíi pé ẹni tó ti ń dùbúlẹ̀ àìsàn látọjọ́ pípẹ́ là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni o. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣì ń gun àkàbà.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú wọn ni wọ́n lọ, láti ọdún 1961 sí 1967. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan lóko bàbá wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn lọ́dún 1972, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n l'Ékòó ni iná ojú títì tó ń tàn láìsí ẹni tó ń ṣáná sí i. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ iná ní ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tó sì di ọdún 1976, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná gbà wọ́n síṣẹ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gun òpó iná ní Ìkẹjà, Àgídìngbì, Ògbà àti Agége. Bàbá NẸ́PÀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Lọ́dún 1983 ni wọ́n gbé Ìbídùn, ọmọ ìyá alágbo ní Ìsàlẹ̀-Ọjà, níyàwó. Màmá ní wíwá tí wọ́n wá tún iná ṣe ní òpópónà àwọn ló di wíwá lójoojúmọ́, títí bàbá àwọn fi béèrè pé ṣé òpó kan ṣoṣo ló ń bàjẹ́ ní gbogbo Agége ni. Ìgbéyàwó náà dùn. Wọn kì í pariwo mọ́ra wọn, àfi bí Màmá bá fẹ́ fi ọwọ́ tútù tan iná.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1988 tí Alàgbà ò gbàgbé títí wọ́n fi jáde láyé. Láolú ni orúkọ ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti pa iná látòkè lọ́jọ́ náà, Láolú sì ti gun òpó kan ní Àgídìngbì. Nínú ilé kan nítòsí, ẹnì kan tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kò sì já súìṣì ńlá ara mítà wálẹ̀. Iná jẹnẹrétọ̀ gba ojú wáyà padà síta, ó gòkè lọ bá Láolú níbi tó wà. Ọwọ́ ara wọn ni Alàgbà fi gbé òkú ọ̀rẹ́ wọn sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ilé tí wọ́n wọ̀ tí wọn ò ní béèrè ibi tí súìṣì ńlá wà, ìbáà jẹ́ ilé ìkómọ.

Nínú ẹ̀sìn, ọmọ ìjọ Aládúrà tòótọ́ ni wọ́n. Ọdún 1999 ni wọ́n fi wọ́n jẹ alàgbà ní ìjọ tó wà ní Òkè-Kòtò, Agége. Elégbè ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọn ò sì fẹ́ jẹ́ olórí orin láé. Wọ́n ní ohùn àwọn ò tó ti aṣáájú, etí làwọn ní.

Ní ti iṣẹ́ ìlú, àwọn ni wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò wa, tí wọ́n dé Ọmọ́lẹ̀ pàápàá, tí wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n já súìṣì mítà wálẹ̀ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn míì a máa sá pamọ́ bí wọ́n bá rí wọn lókèèrè, nítorí ìwàásù náà máa ń gùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun òpó lónìí, Alàgbà ló kọ́ wọn níṣẹ́. Ọ̀kan lára wọn ni Quadri, tí ẹ máa rí láàárín àwọn tó máa gbé pósí.

Lọ́dún 2021, wọ́n gbé sólà sórí ilé wọn ní Òkè-Kòtò. Ó yẹ ká ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Sólà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò níbí máa ń tọ́jú iná pamọ́ sínú bátìrì. Ti Alàgbà ò ní bátìrì. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá lórí òrùlé ń gba oòrùn. Ínfátà tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń sọ ọ́ di irú iná tí fáànù àti fíríìjì ń lò, ó sì ń dà á pọ̀ mọ́ iná ìjọba. Ilé á kọ́kọ́ lo ti oòrùn. Èyí tó bá ṣẹ́kù á gba ojú mítà jáde lọ sí àdúgbò. Bí òjò bá ṣú, tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú, ilé á lo ti ìjọba. Ínfátà náà kì í dá lé orin tirẹ̀. Alàgbà ní elégbè ni: ó ń tẹ́tí sí ẹni tó ń lé orin, ó sì ń fi ohùn kan náà gbè é. Bí iná ìjọba bá ti lọ, kí ojú tó ṣẹ́, ínfátà á dákẹ́, bí oòrùn tilẹ̀ ń ta bí ata. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀, kí iná má baà ti inú ilé ẹnì kan jáde lọ pa ẹni tó wà lórí òpó. Nítorí Láolú ni Alàgbà ṣe mú irú rẹ̀.

Àdúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Sólà wo ló ń bá NẸ́PÀ lọ? Alhaji Ishaq, aládùúgbò wa, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àjákù ni wọ́n tà fún wọn. Alàgbà kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó wà lórí òpó náà lọ́mọ nílé.

Ẹni tí kò rí i bí ẹ̀rín ni Olúfúnṣọ́, àkọ́bí wọn. Ẹ̀rọ mónógírámù ló fi ń ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, iná sì ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Alàgbà ò gba jẹnẹrétọ̀ láyè nínú ọgbà wọn. Wọ́n ṣèlérí bátìrì fún un, pẹ̀lú súìṣì tirẹ̀ tí yóò gé ilé kúrò lára òpó, wọ́n ní kó ní sùúrù. Ó ní sùúrù títí ó fi sú u. Nínú oṣù Kẹrin ọdún yìí, ó yá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn balùwẹ̀, ó sì ń tàn án kìkì bí bàbá rẹ̀ bá jáde. Ó wá rí i pé bí òun bá ti ki iná rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ínfátà á gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀, á rò pé iná ìjọba ló dé, á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni o. Ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é, ó ń kọ́kọ́ já súìṣì ńlá wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbàgbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 2025 ni. Ọ̀sẹ̀ tó kàn ni Iléyá, àwọn oníbàárà sì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń dúró de aṣọ wọn. Ìjì ti jà láàárọ̀, iná ti lọ, oòrùn sì ti padà yọ. Alàgbà wà ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olúfúnṣọ́ tan jẹnẹrétọ̀, ó ki wáyà bọ ògiri, ó sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Súìṣì ńlá wà lókè níbi tó wà. Lọ́jọ́ mìíràn, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ì bá gbìyànjú láti gbé gbogbo àdúgbò, ì bá kú lójú ẹsẹ̀, àṣìṣe náà ì bá sì hàn sí i. Ṣùgbọ́n ìjì ti já wáyà tó so ilé wa mọ́ òpó. Ẹ̀gbẹ́ òpó ló ti já, orí rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí ojú ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ò dé. Kò sí àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé mọ́, ó kàn ń dún lọ ní tirẹ̀ ni, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá sì ń ràn án lọ́wọ́.

Alàgbà dé ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́tùn-ún lósì, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ pé ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé tiwọn. Shukurat, ìyàwó Alhaji Ishaq, fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ géètì náà kọjá. Wọ́n dá a dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé wáyà náà kúrò lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n pe Quadri. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ èèyàn pé kí wọ́n máa fi tẹ́sítà wo wáyà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kò wá tẹ́sítà. Wọ́n wo orí òpó, wọ́n rí i pé wáyà náà ti já lọ́hùn-ún. Wọ́n wo ibi tó ti wá. Iná ò sí ládùúgbò, wọ́n sì mọ ohun tí ínfátà wọn máa ń ṣe bí iná ò bá sí.

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ilé mi ló ti wá.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ kan wáyà náà, iná sì gbé wọn. Títí di bí a ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹnu wa ò tíì padé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tó kọrin wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì! A gbé wọn dé ọsibítù, dókítà wò wọ́n, ó sì yọ awò ojú rẹ̀. Àwa náà mọ̀.

Quadri ló wá yẹ wáyà náà wò. Kó tó lanu sọ ohunkóhun, Olúfúnṣọ́ ti kúnlẹ̀ sáàárín ilé, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tíì jẹun kánú.

Nígbà tí ẹbí jókòó láti ṣe ìwé ètò yìí, ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ wá sọ pé Alàgbà kú “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́.” Bàbá Àlàmú, àbúrò olóògbé, tún ní kí wọ́n yọ orúkọ Olúfúnṣọ́ kúrò láàárín àwọn ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tó pa bàbá kì í ṣe àrólé bàbá. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olúfúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n yọ ọ́, ó ní òun ò lẹ́nu láti jẹ́ ọmọ ẹni tí òun pa. Wọ́n ti mú bírò. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Màmá.

“Ọkọ mi ti kú ná,” ni Màmá wí. “Ẹ ò ní fi bírò pa ọmọ mi kún un.”

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ Bàbá Àlàmú, wọ́n ní kò sí àìsàn kankan tó ṣe ọkọ àwọn. Wọ́n ní kí á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ nílé kà á, kó sì dìde lọ wo súìṣì rẹ̀. Ohun tí ẹ kà tán yìí nìyẹn. Bàbá Àlàmú sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n sì na ọwọ́ fa Olúfúnṣọ́ dìde nílẹ̀.

Alàgbà Fọlábí Àkànjí Aróyèwún fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ sáyé lọ: aya wọn, Ìyá Ìjọ Ìbídùn Aróyèwún, àbúrò wọn, Bàbá Àlàmú Aróyèwún, àwọn ọmọ wọn, Olúfúnṣọ́, àkọ́bí, ẹni tí yóò bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sí sàréè bàbá rẹ̀ lónìí, Olúwayẹ́misí àti Olúwafúnkẹ́mi, àwọn ọmọ ọmọ mẹ́fà, tí Divine jẹ́ àgbà wọn, àti ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó wà lórí òpó káàkiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn wa, bí Olúfúnṣọ́ bá na ọwọ́ sí yín lẹ́bàá sàréè, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àkànjí, ọkọ Ìbídùn, ẹ sùn re. Kí ilẹ̀ Agége tó gbà yín lálejò gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ má wẹ̀yìn o, àkọ́bí yín wà lọ́wọ́ wa.