Ẹ Má Fi Aṣọ Adéìfẹ́ Sin Mí

Èmi, Salome Dúrósinmí, ọmọ Adéríbigbé, tí gbogbo Àyèká ń pè ní Iye Eunice, ìyá Eunice, ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. N kò mọ̀wé. Jésùtómi, ọmọ Benedict ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má gé e mọ́ mi lẹ́nu bí ẹni ń gé irun. Orí mi pé. Mo jẹ púpurú àti ọbẹ̀ màrúgbó láàárọ̀ yìí, mo mọ ẹni tó sè é, mo sì mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú kì í mọ ìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, kò sì sí ohun tó ń ṣe mí ju orúnkún lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ nínú ilé yìí, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí pósí tó dé.

Àwọn tí mo fi ìwé yìí lé lọ́wọ́, tí wọn yóò mú un ṣẹ, ni Philemon àbúrò mi, àti Mildred orogún mi. Mo mọ̀ pé ẹnu máa ya àwọn ènìyàn sí Mildred. Kí ó yà wọ́n. Láti ọjọ́ tí ọkọ wa ti gbé e wọlé ló ti ń bá mi jà lójúkojú, kò sì lọ sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn rí. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa wá rẹ́ mi jẹ nígbà tí mo bá kú? Philemon máa ń gbàgbé nǹkan. Mildred kì í gbàgbé nǹkan kan, títí kan ohun tó yẹ kó gbàgbé.

Èkíní. Ilé tí Dúrósinmí ọkọ mi kọ́ sójú ọ̀nà, ti Eunice àti Benedict ni. Kí Eunice mú ọwọ́ ọ̀tún, nítorí òun ni àkọ́bí, kí Benedict mú ọwọ́ òsì. Pálọ̀ jẹ́ ti gbogbo yín, ẹ má fi pákó pín in. Yàrá ẹ̀yìn tí mo ń kó garawa epo sí, ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì la fèrèsé ńlá sí i. Ti Juliet ni. Ẹni tó ń hun aṣọ kò gbọdọ̀ máa fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbọ́ ìwé yìí tí ẹ kò mọ Juliet, ọmọ Eunice ni, àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ó wà ní yunifásítì l'Ákùúrẹ́, ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ: bí wọ́n ṣe ń hun ún, bí wọ́n ṣe ń pa á láró, bí wọ́n ṣe ń ronú ọnà kí wọ́n tó fi sára rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó parí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó ṣe. Ọjọ́ tí ọmọ náà sọ ohun tó mú fún wa, Eunice ṣáátá rẹ̀ ní pálọ̀ yìí. Ó ní, "Aṣọ? Ohun tí ìyá ìyá-ìyá rẹ tí kò ka ABD ń hun lẹ́yìnkùlé, ohun tí o fẹ́ lọ jókòó kọ́ ní yunifásítì nìyẹn?" Mo ní, "Eunice, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ oko níbẹ̀ náà, n kò tíì rí ẹni tó ní bàbá òun ti mọ ebè kọ." Benedict rẹ́rìn-ín. Eunice kò rín. Láti ọjọ́ náà kò pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù mọ́. Tí Juliet bá pè, wọ́n á gbé e fún mi. Èmi ni mo di wáyà láàárín wọn, wáyà náà sì ti ń gbó.

Èkejì. Oko ọ̀pẹ mi ní ọ̀nà Ìlútítun, ti Eunice ni, nítorí òun ló bá mi ru ẹyìn níbẹ̀ láti kékeré tí ọrùn rẹ̀ kò fi gùn mọ́. Má bínú, Eunice, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n epo oko yẹn ni kí ẹ fi parí ilé-ìwé Juliet, kí ẹnikẹ́ni tó fi ra páànù tàbí ohunkóhun.

Ẹ̀kẹta. Gbogbo ewúrẹ́ mi, àti ìyá ewúrẹ́ dúdú oníwo kan, ti Mildred ni. Ó ti pẹ́ tí ewúrẹ́ tirẹ̀ ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe púpurú. Kí tèmi lọ jẹ tirẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹrin. Apasà, igi pẹlẹbẹ tó ń dán yẹn, tí ìyá mi Adéìfẹ́ fi ń tẹ òwú mọ́ra nígbà tó bá ń hun aṣọ, ti Juliet ni. Gbogbo Àyèká ló mọ igi náà, torí òun ni mo fi ń lé ewúrẹ́ Mildred. Mo mọ̀ pé apasà ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò hun aṣọ mọ́, igi ti padà di igi. Nígbà tí Juliet kọ́kọ́ ti ilé-ìwé dé, ó bá mi níbi tí mo ti nà án sókè, tí ewúrẹ́ ń sá lọ. Ọmọ náà figbe ta: "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án!" Mildred ń súre fún un láti ojú ọ̀nà, pé ọmọ rere, ọmọ aláàánú, Olúwa á dá ẹ sí. Ó rò pé ewúrẹ́ òun ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún! Juliet kò tilẹ̀ wo ewúrẹ́ náà. Ó gba apasà lọ́wọ́ mi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà, ìgbálẹ̀ ni mo fi ń lé ewúrẹ́.

Jésùtómi, má rẹ́rìn-ín, máa kọ.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí l'Ákùúrẹ́, nítorí Eunice kò bá wa lọ. Wọ́n pe àwọn òbí pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, Philemon sì mú mi lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí nǹkan. Mo rí géńdé onírùngbọ̀n tó jókòó tó ń ran òwú, kò sì tijú. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ń po aró, ó wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń wọn ọ́n ní díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọn oògùn sínú abẹ́rẹ́. Mo ní nínú ara mi pé, Eunice, nọ́ọ̀sì tí ò ń wá rèé o. Mo rí Juliet níwájú kọ̀ǹpútà, ó fa ìlà kan, aṣọ yọ lójú gíláàsì náà. Ó fọwọ́ kan nǹkan kan, aṣọ pa àwọ̀ dà, kò tíì na òwú kan. Ó ti mọ bí aṣọ náà yóò ṣe rí kí ó tó bí i. Èmi tí mo bímọ, n kò mọ bí ọ̀kankan nínú wọn yóò ṣe rí. Ẹ wo Benedict.

Ibi tí mo ti ṣe tèmi ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ wọlé lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, Philemon ti sùn lórí àga, ó ku èmi nìkan. Òjò ṣú. Mo wòkè, mo rí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ lọ rẹrẹẹrẹ, kò sì sí ẹni tó ń wá kó o. Kí ni obìnrin Àyèká ń ṣe tí òjò bá ṣú tí aṣọ aládùúgbò wà níta? Mo kó o. Mo ká gbogbo rẹ̀ dáadáa, mo tò ó jọ sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kún mi lọ́wọ́, mo ró ọ̀kan mọ́dìí kí n lè ráyè kó ìyókù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó tán ni olùkọ́ wọn jáde, Dókítà Vivian, pẹ̀lú àwọn àlejò tó wá fún àwọn ọmọ ní máàkì. Iṣẹ́ ìdánwò wọn ni mo ká jọ bí aṣọ àfọ̀gbẹ! Juliet kúnlẹ̀ gbì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá mi àgbà ni." Òjò náà kò tilẹ̀ rọ̀.

Dókítà Vivian wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, aṣọ ta ni ẹ ró yẹn?" Mo ní n kò mọ olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ bá wa rìn lọ sápá ọ̀hún." Mo rìn. Ó ní, "Ẹ yí padà." Mo yí, mo tilẹ̀ fi ijó díẹ̀ sí i. Ó wá sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n wo bí aṣọ náà ṣe ń ṣe nígbà tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀, pé kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní máàkì, lára mi. Ti Juliet ni, ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ̀. Ọmọ náà ní kí n máa mú un lọ sílé, pé mo ti ró o ná.

Ẹ̀karùn-ún, òun ni ìdí tí mo fi pe Jésùtómi jókòó. Nílé wa, aṣọ tí ìyá ẹni bá hun ni wọ́n fi ń sin ẹni, ọmọbìnrin àkọ́bí ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ bo òkú. Aṣọ tí ìyá mi hun wà nínú àpótí mi, ó ń dúró dè mí. Eunice ló máa tẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀ ọ́, ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ọmú mi ṣì dúró. Dúrósinmí rí mi. Ó ní, "Ẹni tó hun aṣọ yìí ńkọ́, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un?" Mo ní ó ti kú, èmi gan-an kò mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún aṣọ, nínú iyanrìn, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Mo ní, ẹni tó lè ṣe báyìí fún aṣọ Iye mi, mo máa fẹ́ ẹ.

Ẹ má fi aṣọ náà sin mí. Juliet gbé gíláàsì kan wá sílé, irú èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó gbé e lé etí aṣọ náà, ó ní kí n wò. Ìlà tí mo ti ń rí láti kékeré, lékèélékèé ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. N kò mọ̀! Ó sún gíláàsì náà síwájú díẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, òwú já mọ́ wọn lọ́wọ́ níbí, wọ́n so ó." Mo rí kókó náà. Ìyá mi kú nígbà tí n kò tíì mọ nǹkan, n kò ní fọ́tò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí yẹn. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ wá bò mọ́lẹ̀ nìyẹn? Ti Juliet ni aṣọ Adéìfẹ́. Ó ṣì ní ohun tó ń kọ́ lára rẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì kọ́ lára rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Tí ẹ bá ti wọ sùtánà fún mi, bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń ṣe, aṣọ tí mo ró l'Ákùúrẹ́ ni kí ẹ tẹ́ bò mí. Juliet fi lékèélékèé Iye mi sí i, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n kúrò létí, kí wọ́n fò dé àárín. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí epo wa. Èmi kò hun nǹkan kan láyé mi. Eunice, tó bá kan ìwọ, kì bá tí sí aṣọ tí wọn yóò tẹ́ bò ọ́. Ọmọ rẹ ló mú iṣẹ́ náà padà wálé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Eunice kò bo ìyá rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ ka ibí yìí sí i létí: èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Eunice ni kí ó sì tẹ́ ẹ, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn.

Jésùtómi, kọ ọ́ pé Eunice ti wọlé. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí mo ń sọ ti ewúrẹ́, ó rò pé n kò rí òun. Ó ti wọ yàrá mi lọ. Mo gbọ́ ìdérí àpótí. Ó mú aṣọ Juliet jáde, ó ní kí n nà gbalaja lórí àga gígùn. Èmi nìyí, mo nà, mo ń sọ̀rọ̀ bí òkú aláriwo. Ó tẹ́ ẹ bò mí láti ọrùn lọ. Ó ní, "Iye, ó kúrú lẹ́sẹ̀."

Mo ní, kí ni ká wá ṣe? Ó ti ń tẹ fóònù. "Juliet, èmi ni. Èmi, ìyá rẹ. Má pariwo. Aṣọ tí wọ́n ti gé kúrò lórí òfì, ṣé ó ṣì lè gùn sí i?" Ọmọ náà ń ṣàlàyé fún un, ó ń pẹ́. Eunice ń mi orí bí ẹni jókòó ní kíláàsì. Ó ní, "Ó dáa, hun ti ẹsẹ̀ wá, ká rán an mọ́ ọn. Fara balẹ̀ ṣe é. Iye kò tíì ń lọ síbì kankan."

Kọ ìyẹn náà sí i. Ìwé yìí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ títí ọmọ náà yóò fi hun ti ẹsẹ̀ tán. Mo máa dúró dè é.

Mo fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi tẹ̀ ẹ́ síbí, ní pálọ̀ mi ní Àyèká, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Salome Dúrósinmí (àmì ìka)

Ẹni tó kọ ọ́: Jésùtómi Dúrósinmí

Àwọn ẹlẹ́rìí tó jókòó tì wá, tí wọn kò pín nínú ogún: Àlàgbà Olúyọmí, ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti Susan, télọ̀ òdìkejì ọ̀nà, tó ní òun yóò bá wa rán ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Eunice kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ síbí pé òun gbọ́.